Ọkọ̀ gbá bàbá wa lórí kẹ̀kẹ́, awakọ̀ ní kí wọ́n buwọ́ lùwé

Àsàlámù àlékùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ń ṣe máígàádì ní Táńkè, ní Ìlọrin níbí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gùn lọ gùn bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìdájí, wọ́n ń bọ̀ nílé, ni ọkọ̀ kan bá ti ẹ̀yìn gbá wọn nítòsí Típà Gàréèjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán. Wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ká kò bí ewé tí iná rà.

Awakọ̀ ò sá o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Òun ló gbé wọn dé ọsibítù. Àmọ́ lánàá ó mú 30,000 náírà wá pẹ̀lú ìwé tó ti tẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí bàbá buwọ́ lù ú pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní kẹ̀kẹ́ ò ní nọ́ńbà, òfin kankan ò mọ̀ ọ́n lójú títì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bàbá ti ń wá bírò.

Awakọ̀ Ọ̀fà Gàréèjì: Irọ́ ni! Highway Code, ìwé òfin ojú títì tí Road Safety ń lò, ní abala ti oníkẹ̀kẹ́. Ìnṣọ́ránsì tádì pátì tí à ń san ńkọ́, 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni láti 2023? Kì í ṣe ọkọ̀ tiwa ló wà fún, ẹni tí a bá gbá ló wà fún. Ẹ bi í léèrè ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí askniid.org, torí ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ìyá Ìbejì Ìpàtà: Ọlọ́hun á fún bàbá ní àláfíà. Èmi ò fẹ́ràn kóòtù. Ẹni tó gbé èèyàn lọ ọsibítù kì í ṣe ọ̀tá, ẹ jẹ́ kí àgbà àdúgbò bá a sọ ọ́.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì: Ẹ bá a sọ ọ́, Ìyá Ìbejì, mi ò bá yín jà. Àmọ́ kí ìwé ọlọ́pàá ti wà nílẹ̀ ná. Ìwé tó gbé wá yẹn gan-an ni kí bàbá má fọwọ́ kàn. Bí eegun bá kọ̀ tí ò so, tí wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe, ìwé yẹn ló máa nà sí yín. Ẹ kó rìsíìtì ọsibítù jọ, ẹ má tíì tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ti lọ́yà: Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀, tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin, wọ́n sì ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà lónìí. Èló ni wọ́n ń san fún máígàádì ní Táńkè? Ìbéèrè kan: ṣé iná wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́?

Ẹni tó béèrè: Tọ́ọ̀ṣì wà níwájú. Gíláàsì pupa ẹ̀yìn ti já láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ ojú ti ń ríran nígbà yẹn, sà.

Akọ̀wé kóòtù: Má fi pa mọ́ fún lọ́yà rárá. Ó lè dín owó tí kóòtù máa ní kí wọ́n san fún bàbá kù, ṣùgbọ́n kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà awakọ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo ti kà á sétí bàbá. Wọ́n ti fún mi ní bírò náà. Àgọ́ ọlọ́pàá là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ohun tí wọ́n ń bi mí báyìí ni pé ta ló ń ṣọ́ géètì alẹ́ òní.