Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi tó fẹ́ kọ́ òwò pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣé o. Mo bi yín bóyá ọmọbìnrin mi tó wọ SS1 l'Ádó-Èkìtì lè kọ́ òwò àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìmọ̀ràn pé kó mú Data Processing (ẹ̀kọ́ nípa fífi kọ̀ǹpútà to àkọsílẹ̀) mọ́ Commerce àti Accounting ló ṣiṣẹ́ jù. Ilé ìwé gbà. Ọjà gaàrí tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tà l'Ọ́jà Ọba ló fi ń kọ́ Excel, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò: iye tí wọ́n ra àpò kan, owó ọkọ̀, iye tí wọ́n tà á, èrè sì jáde lójú ẹsẹ̀. Inú màmá dùn gan-an! Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi bẹ́ẹ̀ yọrí, dátà ń jẹ owó jù. Physics ló kù. Yunifásítì ń béèrè rẹ̀ fún Computer Science, Data Processing ò sì lè rọ́pò rẹ̀. A ti ń wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ nílé.