"Okùnfà" kọ́, "ìgbìyànjú" náà kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìwé ìléwọ́ tẹ́ ẹ túmọ̀, èyí tá a fẹ́ pín l'Ádó àti Ìkẹ́rẹ́ fáwọn ará ilé ẹni tó fẹ́ pa ara ẹ̀ tí Ọlọ́run yọ, kó má bàa tún ṣe é. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ń jẹ mí lọ́kàn.

"Okùnfà" lẹ pe ọtí, gbèsè, ìrora tí ò lọ, ìdààmú ọkàn àti kéèyàn máa dá gbé. Màmá tó bá ka ìyẹn n'Ijerò á ní gbèsè tóun ò bá ọmọ òun san ló fà á, á wá máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi títí ayé. Bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ò sọ pé gbèsè ló ń pa èèyàn o, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ewu pọ̀ sí i ni, àìmọye èèyàn ló jẹ gbèsè tí ò ronú ikú rí. "Adákún-ewu" lèmi fara mọ́, torí wọ́n ń dá kún un ni. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni pé ẹni náà ti ṣe é rí, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta tó bá kúrò ní ọsibítù, ìgbà táwọn ará ilé á sì rò pé ó ti tán nìyẹn.

"Ìgbìyànjú" tẹ́ ẹ pe kéèyàn fẹ́ pa ara ẹ̀ ló dùn mí jù. Ọmọ ṣe dáadáa níléèwé, a ní ó gbìyànjú, ìyìn ni! Ẹ tún wá kọ ọ́ pé ìgbìyànjú ọ̀hún "kò yọrí sí rere", ẹni tó yè lẹ ń sọ o, ṣé kó kú ni ì bá jẹ́ rere ni? "Ìdáwọ́lé" tí àbúrò wa dábàá náà ò ṣeé lò, a máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bù kún ìdáwọ́lé wa. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́: "ó fẹ́ pa ara ẹ̀, ó yè", "ó tún fẹ́ ṣe é".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un pé tá a bá bi í tààrà bóyá ó ń ronú ikú, ìyẹn ò ní gbé e sí i lọ́kàn, ó lè fún un láyè láti sọ̀rọ̀, àti pé kí wọ́n kó apakòkòrò kúrò nílé. Ìlà kan ṣì kù: nínú ẹni 10 tó yè, bí 9 ni kò ní tipa bẹ́ẹ̀ kú mọ́. Kẹ́ ẹ gbé ìyẹn sókè pátápátá, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi.