Idà inú ilé, àdá inú búùtù: kí lojú yín ti rí lọ́wọ́ òfin?

Ayọ̀ Birmingham

Ẹ kú ìjọ́mẹ́ta o. Láti ìgbà tí òfin idà ninja ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2025 ni fóònù mi ò ti sinmi mọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé mò ń kọ́ iaido ló ń bi mí pé, "Ṣé wọn ò tíì wá gbé ẹ?" Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, iaido ni ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa idà àwọn ará Japan yọ nínú àkọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi gé afẹ́fẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà. A kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, idà tí kò mú rárá là ń lò.

Bí mo ṣe mọ òfin náà sí ní England àti Wales nìyí. Láti 2008 ni idà tó tẹ̀, tí abẹ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, ti wọ ìwé ohun ìjà tí wọ́n kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ èyí tí wọ́n rọ kó tó di 1954 sílẹ̀, wọ́n yọ èyí tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ ní ìlànà àtijọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi àyè gba àwa tí à ń fi ṣe eré ìdárayá. Àwọn ayédèrú katana (idà Japan tó tẹ̀) olówó pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dọdẹ. Ti ninja yìí tún yàtọ̀: kò tẹ̀, ó gún gbọọrọ, ojú kan ló ní, abẹ rẹ̀ wà láàárín ínǹṣì 14 sí 24. Irú ẹ̀ ni wọ́n fi pa Ronan Kanda, ọmọ ọdún 16, ní Wolverhampton lọ́dún 2022. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ń pe òfin yẹn. Ẹni tó bá rántí bí ẹni tó pa á ṣe rí idà náà rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní bá ìjọba jà pé wọ́n le jù.

Ìrírí tèmi rèé. Mò ń bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá méjì dá mi dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin nítorí àpò gígùn tí mo gbé kọ́ èjìká. Kí wọ́n tó la ẹnu ni mo ti ní, "Idà ni o. Ó wà nínú àkọ̀, mo ti àpò náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé. Ẹ ṣí i fúnra yín." Mi ò fọwọ́ kàn án. Èyí tó dàgbà nínú wọn ṣí i, ó fa idà náà jáde díẹ̀, ó fi èékánná tọ́ ọ wò bóyá ó mú. Ó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo fi káàdì ẹgbẹ́ hàn án, mo sì ṣí àkókò ẹ̀kọ́ wa fún un lórí fóònù. Ó dá a padà, ó ní, "Má yà síbì kankan o, ilé ni kó o gbà lọ." Lójú mi, gbólóhùn yẹn ni gbogbo òfin náà. Ìdí tí mo fi gbé idà dání bá mi dé ibi ẹ̀kọ́, á sì bá mi dé ilé. Kì í bá mi wọ ilé ọtí. Gbígbé e rìn láìnídìí lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Màmá Olóko

Àbúrò Ayọ̀, o káre. Tèmi kì í ṣe idà, àdá ni. Mo yá ilẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà síbẹ̀. (Mo gbìyànjú ewédú. Òtútù ò jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbé àdá mi wá, nínú ẹrù tó wọ ikùn bàálù. Àmì ọ̀nì wà lára rẹ̀, irú èyí tí gbogbo àgbẹ̀ ilé mọ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ilé iṣẹ́ Ralph Martindale ní Birmingham ló ń ṣe àdá ọlọ́nì yẹn ránṣẹ́ sílẹ̀ wa láyé àtijọ́. Èmi wá ru ú padà wá bá wọn!

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òfin ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 2024 bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin ní, "Mọ́mì, wọ́n ti fòfin de àdá, ẹ lọ kó o fún wọn." Mo ní n ò kó nǹkan fún ẹnì kan láìbéèrè. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo na tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà ni mo gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ o, fọ́tò ni mo gbé lọ, n ò gbé àdá!

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù. Ó ní èyí tí wọ́n ń wá ni èyí tí abẹ rẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́jọ lọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú, tó wá tún ní eyín bí ayùn, tàbí ihò tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí ẹ̀gún, tàbí ṣóńṣó tó ju méjì lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe kí ó lè dẹ́rù bani. Ó wo tèmi títí, kò léyín, kò níhò, orí rẹ̀ rí kuuru. Ó ní kí n lọ máa ro oko mi. Ó kàn kìlọ̀ pé kí n wé e láṣọ, kí n gbé e sí búùtù lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sóko nìkan, kí n má sọ búùtù di ilé fún un.

Ògúndélé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oníṣẹ̀ṣe ni mí, ojúbọ Ògún wà nínú ilé mi ní Lọ́ńdọ́nù. Idà olójú méjì kan wà níbẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ kan rọ fún mi ní Ìrè-Èkìtì. Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi tí mò ń fi epo pa á, ló bá pe ọlọ́pàá. Wọ́n wá. Mo ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n rí màrìwò, wọ́n rí ajá kékeré onígi, wọ́n rí irin lóríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé mò ń tún mọ́tò ṣe ni! Mo ní ẹ ò jìnnà sí i, ti Ògún ni gbogbo irin. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé nílé wa, irin ni oníṣẹ̀ṣe máa ń fi búra ní kóòtù bí Krìsìtẹ́nì ṣe ń fi Bíbélì búra, ara wọn balẹ̀. Idà gbọọrọ olójú méjì kò sí nínú ìwé tí Ayọ̀ ń sọ, inú ilé mi ló sì wà. Wọ́n lọ.

Ìta gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òfin 1988 gbà pé ènìyàn lè gbé irin nítorí ẹ̀sìn, òun làwọn ẹlẹ́sìn Sikh ń dì mú nítorí kirpan, ọ̀bẹ ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n àwíjàre nìyẹn, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìwọ ni wàá dúró níwájú adájọ́ fi hàn pé òótọ́ lò ń sọ. N ò fẹ́ kí iwájú adájọ́ ni màá ti máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìtàn Ògún. Nítorí náà, tí a bá ń ṣọdún ní gbangba, idà onígi là ń gbé. Ògún ò tíì bínú.

Ìyá Tóbi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọdún 15 ra àwọn ìràwọ̀ onírin tí àwọn ninja máa ń jù nínú sinimá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i. Ó ní eré ni.

Ayọ̀ Birmingham

Ìyá Tóbi, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti fòfin de títà á. Láti ọjọ́ 14 oṣù Keje 2021, níní in nínú yàrá pàápàá ti di ẹ̀ṣẹ̀, bákan náà ni ọ̀bẹ labalábá àti irin tí wọ́n ń kì bọ ìka ja ẹ̀ṣẹ́. Ẹ pe 101, nọ́ńbà ọlọ́pàá, ẹ bèèrè bí ẹ ṣe máa kó o fún wọn, ẹ má gbé e jáde kí ẹ tó pè. Kí ẹ̀yin fúnra yín kó o, kì í ṣe Tóbi.

Bàbá Houston

Ẹ ò rí ayé! Nígbà tí à ń dàgbà ní Sùúrùlérè, gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló ní nunchaku. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ la máa gé sí méjì, a ó fi ẹ̀wọ̀n ajá so ó pọ̀, orí wa la sì máa ń fi lù jù. Mo wá dé New York, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ ní i, ìbáà ṣe nínú ilé mi. Láti 1974 ni òfin yẹn ti wà, ọdún kejì ikú Bruce Lee. Ọkùnrin kan ló pe ẹjọ́, ó jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ fi wọ́gi lé e ní oṣù Kejìlá 2018. Èmi ti kó wá sí Texas nígbà náà.

Texas ní tiwọn tú ọ̀rọ̀ idà àti ọ̀bẹ sílẹ̀ ní 2017. Àgbàlagbà lè fi idà kọ́ ìbàdí rìn lójú títì, àfi kó má gbé abẹ tó ju ínǹṣì 5.5 lọ dé ilé ẹ̀kọ́, kóòtù, ilé ìwòsàn, ibùdó ìdìbò àti irú wọn. Àmọ́ nígbà tí a ṣe ìwúyè kan níbí, ẹni tó gbé idà ṣáájú olóyè kò ráyè wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òfin ìpínlẹ̀ kò kan òun, ẹni tó ni gbọ̀ngán ló ní kò gbọdọ̀ wọlé. Olóyè wọlé, idà dúró sínú mọ́tò.

Kọ́ọ̀ṣì Bódìjà

Ẹ̀yin ẹ lófin tó ń wọn abẹ ní ínǹṣì. Nílé níbí, èyí tí mo mọ̀ ni abala 80 nínú ìwé òfin ọ̀daràn: ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìnídìí, lọ́nà tó ń dẹ́rù bani, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Ta ló máa sọ ohun tó ń dẹ́rù bani? Ẹni tó dá ẹ dúró ni.

Mò ń kó irinṣẹ́ àwọn ọmọ mi lọ síbi ìfihàn kan, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pá, igi, àti katana kan tí kò lè gé bọ́tà. Bí ọlọ́pàá ṣe fa ìyẹn yọ, ó pariwo, "Kí lèyí?" Gbogbo wọn yí mi ká. Lẹ́sẹ̀ kan náà, bàbá àgbẹ̀ kan gun ọ̀kadà kọjá, àdá tó ń dán yinrin wà láàárín itan rẹ̀, kò sí nínú àkọ̀ kankan. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Gbogbo wọn dáhùn, "Bàbá, ẹ kú oko." Èmi ṣì wà níbẹ̀, mò ń fi fọ́tò kíláàsì wa bẹ̀bẹ̀.

Ayọ̀ Birmingham

Kọ́ọ̀ṣì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ṣé wọ́n dá a padà?

Kọ́ọ̀ṣì Bódìjà

Wọ́n dá idà padà. Àkọ̀ rẹ̀ ló wu ọ̀gá wọn, ó ní òun á máa fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.