Ìgbìmọ̀ ìlú ń jiyàn lórí owó-orí ilé fúláàtì tuntun: ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìlú kékeré kan nítòsí Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ mi. A ti ra ilé tiwa, àwa la sì ń san owó-orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ jókòó nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ pinnu bóyá kí àwọn tó ń kọ́ fúláàtì má san tiwọn.

Fún ẹni tọ́rọ̀ náà ṣàjèjì sí: láti 1995 ni òfin ìpínlẹ̀ yìí ti fún ìlú láyè láti ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ fúláàtì sí àdúgbò tí ìlú yàn kò ní san owó-orí lórí ilé gbígbé náà fún ọdún 8, àmọ́ yóò máa san ti ilẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù tó bá wà nísàlẹ̀. Tó bá ya ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 fúláàtì náà sọ́tọ̀ fún àwọn tówó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, ó di ọdún 12.

Ọdún 8 yẹn ló ká mi lára. Òfin ìpínlẹ̀ kò ní kí wọ́n ya fúláàtì kankan sọ́tọ̀ fún un. Ọkùnrin kan tó ṣojú àwọn akọ́lé sọ pé irin àti sìmẹ́ńtì ti wọ́n, èlé báńkì ti ga, pé láìsí ìrànwọ́ yìí ilé náà kò ní dìde. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ilé ti wọ́n lóòótọ́ níbí, a sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bi akápò pé, ta ni yóò san èyí tí wọn ò san? Akápò ṣàlàyé pé ní ìpínlẹ̀ wa, iye tí ìjọba yóò gbà lápapọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pinnu kí wọ́n tó pín in sórí ilé. Bí wọ́n bá yọ ilé ńlá kan kúrò nínú ìpín, ẹrù rẹ̀ lè bọ́ sórí àwa yòókù. Kẹ́kẹ́ pa nínú yàrá náà. Obìnrin àgbà tó jókòó tì mí, owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló ń jẹ, ó ní kí n tún un sọ fóun.

Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò wò fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wo èyí náà. Wọ́n rí i pé ilé ń dìde, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ní pàtó pé wọn kì bá tí kọ́ wọn bí kò bá sí ìrànwọ́ náà. Ìyẹn ni mo fi ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fún mi sọ. Mo ní kí wọ́n fa ọdún 8 ya, kí wọ́n fi ọdún 12 sílẹ̀.

*

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Seattle lèmi ń gbé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn níbí láti 1998. Ayálégbé ni mí nínú ọ̀kan lára àwọn fúláàtì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lóru. Láìsí fúláàtì yìí, ibi jíjìnnà ni ǹ bá ti máa wọkọ̀ wá, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ eléyìí náà. Owó tó ń wọlé fún ìdílé tó wà láàárín, láàárín olówó àti tálákà agbègbè yìí, ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye tí onílé lè gbà lọ́wọ́ wa. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gòkè, òṣùwọ̀n náà ń bá a gòkè, tèmi dúró sójú kan. Nígbà tí mo fẹ́ tún ìwé àdéhùn mi ṣe, wọ́n fowó kún un, wọ́n ní òfin gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí!

Tí ọdún 12 bá sì pé ńkọ́? Onílé lè gba iye tó bá wù ú. Èyí ń dà mí láàmú ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ilé wa ti ń sún mọ́ ọn.

*

Àbúrò mi, o ṣeun tó o sọ èyí. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan òṣùwọ̀n yẹn níjòókòó tiwa, gbogbo ariyànjiyàn dá lórí iye ọdún. Wọn ò tíì dìbò. Màá kọ lẹ́tà sí aṣojú àdúgbò wa pé kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà sórí owó oṣù irú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, kí wọ́n sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 12 sínú àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ilé kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Tacoma àti Spokane, báwo ni tiyín ṣe rí?