Ẹ gbà mí o: ọṣẹ tí mo ṣe nílé ń rún, ó sì ń ta mí lọ́wọ́

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọṣẹ ṣíṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Owó ọṣẹ ìfọṣọ ti ga jù fún ilé tí ìbejì ọlọ́dún méjì wà, mo wá ní kí n máa ṣe tèmi. Aládùúgbò mi kan ló kọ́ mi: ìgò àdín méjì, agolo mílíìkì méjì kọ́sítíìkì (caustic soda, èròjà tó ń sọ òróró di ọṣẹ), omi ìgò kan, ó parí.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ìgò 75cl ni mo fi wọn àdín. Mo bu kọ́sítíìkì sí omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbóná débi pé èéfín ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tó tutù, mo da àdín sí i, mo ń fi ọmọrogùn rò ó. Kò pẹ́ rárá tó fi ki bí ògì, mo dà á sínú ike áíísìkirimù. Ní ọjọ́ kejì mo gé e, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Àfi bí mo ṣe ń gé e tó ń fọ́ bíi kúlíkúlí tó ti pẹ́. Àwọn ojú funfun kéékèèké wà nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀kan fọ aṣọ, ó hó dáadáa, àmọ́ ọwọ́ mi ń ta mí bíi ti ẹni tó fi ọwọ́ lásán gé ata rodo. Ìka méjì ti bó.

Ṣé ó ṣì ní àtúnṣe? Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta àdín báyìí, n kò lè dà á nù. Ṣé mo tún lè fi wẹ àwọn ọmọ tó bá yá?

Bọ̀dá Ìlọrin

Ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ fún oṣù méjì, kọ́sítíìkì á kú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rọra o. Oṣù méjì á gbẹ omi inú ọṣẹ, kò ní kó kọ́sítíìkì tó ṣẹ́ kù jáde. Ti ọsàn wẹ́wẹ́, ta ni yóò mọ iye tí yóò fún? Tó bá kéré, ó ṣì ń ta. Tó bá pọ̀ jù, ọsàn á tú ọṣẹ di ọ̀rá tí kì í ṣe ọṣẹ mọ́, ẹ óò kàn máa wò ó bó ṣe ń là.

Ìyá Ìbejì, agolo yẹn ló kó yín sí wàhálà. Kọ́sítíìkì kan wà bí ìpẹ́ ẹja, òmíràn wà bí iyọ̀, òmíràn rí bíi yangan kéékèèké. Agolo kan náà kò lè gba ìwọ̀n kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àti pé, ṣé ẹ bù ú kó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu agolo yẹn ni, àbí ẹ bù ú kó ga?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Mo bù ú kó ga, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe sọ fún mi nìyẹn, pé ọṣẹ á le.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Ó le lóòótọ́! Ẹ wá ẹni tó ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fúláwà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bu irú kọ́sítíìkì yẹn sí agolo yẹn bí ẹ ṣe bù ú níjọ́sí, kí ẹ sọ iye gíráàmù rẹ̀ fún mi.

Kí n tó gbọ́ èsì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òróró kọ̀ọ̀kan ló ní iye kọ́sítíìkì tó lè jẹ tán. Gíráàmù àdín kan ń jẹ 0.176 gíráàmù kọ́sítíìkì. Ti òróró àgbọn jẹ́ 0.183, ti epo pupa 0.142, ti òrí 0.128. Ẹ ò rí i pé òrí kò jẹun tó àdín rárá? Ẹni tó bá fi òrí rọ́pò àdín láìyí kọ́sítíìkì padà, àbùkù ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí òróró kò lè jẹ tán, ara yín ni yóò jẹ.

Ìgò 75cl méjì jẹ́ lítà kan àbọ̀. Òróró fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà kò ní tó kílò kan àbọ̀, á tó bíi 1,380 gíráàmù. Ẹ fi 0.176 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi 243. Àwa tó ń tà á kì í lo gbogbo rẹ̀, a máa ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ara. 230 ni èmi ì bá fi sí i.

Màmá Oǹdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ìṣirò yìí ń kó àárẹ̀ bá mi. Ìyá mi kò mọ gíráàmù, ọṣẹ dúdú rẹ̀ sì dé Ìbàdàn. Èèpo kòkó la ń sun, a máa ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún un. Eérú yẹn la ń kó sínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, a ó da omi sí i, a ó gbé ìkòkò mìíràn sábẹ́. Omi tó ń sẹ̀ sílẹ̀ yẹn pọ́n bíi tíì. Tí ẹyin adìẹ tútù bá léfòó nínú rẹ̀ tí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, omi ti kan nìyẹn. Tó bá rì, a ó tún da omi yẹn gba inú eérú mìíràn kọjá. Lẹ́yìn náà la óò gbé e kaná, a ó máa bu àdín sí i, a ó máa rò ó. Ọwọ́ ló ń sọ ìgbà tó jinná.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, n kò bá yín jà. Ẹ tiẹ̀ ti sọ ìyàtọ̀ náà láìmọ̀. Ẹ̀yin ń bù ú díẹ̀díẹ̀ lórí iná. Tí ọṣẹ bá ń ta, ẹ ó fi àdín kún un. Tó bá ń yọ̀ jù, ẹ ó fi omi eérú kún un. Ìkòkò wà níwájú yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lè tún ọ̀rọ̀ ṣe nígbàkigbà. Omi eérú pàápàá kò mú tó kọ́sítíìkì. Ti Ìyá Ìbejì yìí, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ti dì, kò sí àyè àtúnrò. Ìdí nìyẹn tí ojú fi lè wọn ti eérú tí kò sì lè wọn ti kọ́sítíìkì.

Màmá Oǹdó

Hẹn-ẹ̀n. Èyí yé mi. Àmọ́ kí ló dé tí tiyín ń le gbagidi tí tiwa kì í le?

Ọmọ Peckham

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Potassium ló pọ̀ nínú eérú kòkó, ọṣẹ rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Sodium ló wà nínú kọ́sítíìkì, òun ló ń le. Ọṣẹ dúdú yín yẹn, ní Bahia lọ́hùn-ún ní Brazil, sabão da costa ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń lò ó nínú ẹ̀sìn òrìṣà títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra fún kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń la ojú páìpù. Òmíràn ní àlúmíníọ̀mù wẹ́wẹ́ nínú. Èyí tí wọ́n kọ sodium hydroxide nìkan sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ má sì po kọ́sítíìkì nínú ìkòkò àlúmíníọ̀mù láé, á hó kùú, á jẹ ìkòkò, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́

Mo fẹ́ béèrè ìbéèrè kan kí n tó sùn. Ìyá Ìbejì, níbo ni kọ́sítíìkì tó ṣẹ́ kù wà?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ó wà nínú ìgò omi kan lábẹ́ tábìlì kíṣìnì. Mo ti pò ó mọ́ omi kó lè yá nígbà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́

Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ gbé e kúrò! Mi ò sọ pé lọ́la o. Ó rí bí omi lójú, inú ìgò omi ló wà, ìbejì ọlọ́dún méjì sì wà nílé. Ẹ̀kán kan péré tí ọmọ bá gbé mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè jóná, tó bá sì san tán, àpá yẹn lè dí ọ̀nà oúnjẹ pa. Mo ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ rí òmíràn mọ́. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹ má fún ọmọ ní epo pupa kó lè bì í, torí bó bá ń bọ̀ á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ìwòsàn tààrà.

Ti ìka yín, omi púpọ̀ ni. Tí kọ́sítíìkì bá ta sí ara, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Àwọn kan á ní kí ẹ da fínígà sí i. Ẹ má dáhùn. Tó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ máa bomi wẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Mo ti gbé e. Ọkàn mi ṣì ń lù kìkì. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. N kò ro ibẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà wa. Agolo kan jẹ́ 165 gíráàmù.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Ẹ rí i? Méjì jẹ́ 330. Àdín yín lè jẹ 243. Nǹkan bíi 87 gíráàmù ló wà nínú ọṣẹ yẹn tí kò rí òróró tí yóò jẹ ẹ́. Abájọ.

Àtúnṣe wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ rin gbogbo ọṣẹ yẹn bí ẹni ń rin ilá. Ẹ kó o sínú ìkòkò sítẹ́ẹ̀lì, tàbí ti amọ̀, ẹ fi omi bí ife kan sí i, iná kékeré. Tó bá ti rọ̀, ẹ wọn 600 gíráàmù àdín, ẹ máa bù ú sí i, kí ẹ máa rò ó. Kò ní pẹ́ tó fi máa fà bí àmàlà, á sì máa dán díẹ̀. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, ọṣẹ máa ń ru sókè lójijì bí ẹ̀kọ.

Tó bá tutù, ẹ fi ìka tútù ra á, kí ẹ fi ìka yẹn kan ahọ́n. Tí ahọ́n bá ta bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé tí a ń fi ahọ́n dán bátìrì wò, ó ṣì kù. Tó bá jẹ́ ìtọ́wò ọṣẹ lásán, ó ti jinná. Kò ní dára lójú bí ti tẹ́lẹ̀, á rí pákapàka. Ìfọṣọ ni kí ẹ fi ṣe, kì í ṣe ìwẹ̀ ọmọ.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Ọṣẹ tèmi kò ta o, àmọ́ ó ní ìyẹ̀fun funfun lórí. Ṣé kí n da tèmi náà sínú ìkòkò?

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Tó bá jẹ́ òkè nìkan, tí inú mọ́, afẹ́fẹ́ ló bá a. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Ẹ ṣeun. Sulphonic acid, nitrosol àti texapon tí mo rà ní Ọjọ́ta ńkọ́, ṣé mo lè pò wọ́n mọ́ àdín?

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Rárá o. Ti ọṣẹ olómi ìfọbọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín.

Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ èyí fún ọjọ́ mìíràn, torí àdín nìkan máa ń gbẹ ara, ó kàn ń hó ni. Epo pupa 500 gíráàmù, àdín 400, òrí 100. Kọ́sítíìkì 146, omi 300. Kọ́sítíìkì lẹ ó bù sínú omi, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á ta sókè sí yín lójú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti pò ó. Ẹ dúró kí ara bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó da òróró sí i. Ẹ rò ó títí tí èyí tó ń kán láti ẹnu ọmọrogùn á fi fi ojú ìlà sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ bò ó di ọjọ́ kejì, ẹ gé e, ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀ nítorí epo. Àwọn kan máa ń dáná sun epo títí á fi funfun, mo ti rí ilé ìdáná tó jó nítorí rẹ̀, n kì í ṣe é. Tí ẹ bá wá fẹ́ máa tà á, ọ̀rọ̀ NAFDAC nìyẹn.

Màmá Oǹdó

Ti àwọn ìbejì yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ pò ó mọ́ òrí, ẹ dán an wò lápá wọn kan ná.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti sè é láàárọ̀ yìí. Ó ru lóòótọ́, díẹ̀ dànù sórí sítóòfù. Mo fi ahọ́n kàn án nígbà mẹ́ta, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà kàn án, kò ta. Ó burẹ́wà bí ẹ̀bà àná! Ṣùgbọ́n mo ti fi fọ aṣọ ìlédìí mẹ́jọ, ọwọ́ mi wà bó ṣe wà.

Aládùúgbò mi ti gbọ́ o. Ó ní agolo tirẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó gbé agolo ọ̀hún wá ká wọ̀n ọ́n.