Àbọ̀ lórí fọ́tò dróònù tó ń pẹ́ jù lórí kọ̀ǹpútà mi

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀ lórí ìbéèrè tí mo bi yín, pé báwo ni mo ṣe lè mú kí iṣẹ́ fọ́tò dróònù yá lórí kọ̀ǹpútà mi. Fọ́tò 412 ni mo fi dróònù yà lórí ilẹ̀ kan lẹ́bàá Odò Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo. Wákàtí 19 ni WebODM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń so fọ́tò dróònù pọ̀ di máàpù, ń lò lórí rẹ̀, iná sì máa ń lọ kó tó parí.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pc-quality (ibi tí a ti ń yan bí àwòrán ilẹ̀ tó ń kọ́ ṣe máa kún tó) tí ẹ ní kí n gbé wálẹ̀ láti high sí medium: wákàtí 6 péré. SSD (dísìkì ìpamọ́ tó yára) tí mo rà ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò tó owó tí mo ná lé e. Fast-orthophoto, ọ̀nà àbùjá inú WebODM tó kàn ń ṣe máàpù pẹrẹsẹ, yá ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n èmi nílò gíga ilẹ̀, torí ọ̀nà àgbàrá la fẹ́ là, kò sì ṣeé gbára lé fún ìyẹn.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ má fojú fo èyí o: nínú àmì 9 tí a fi ọ̀dà funfun kùn sílẹ̀, tí a sì wọn ibi tí wọ́n wà, 5 ni mo fún WebODM kó fi to máàpù sí ipò rẹ̀, mo fi 4 pamọ́ láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Mẹ́ta nínú 4 náà kò fi ju sẹ̀ǹtímítà 7 yapa sí ibi tí a wọ̀n. Ìkẹrin, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fi sẹ̀ǹtímítà 20 yapa. Mo sún fọ́tò náà mọ́jú: òjìji ti bo ìdajì àmì, ibi tí mo tẹ̀ lórí fọ́tò kì í ṣe àárín rẹ̀ rárá. Mo tún un tẹ̀, ó di 6.

Igi etí odò ló kù. Ihò ṣì pọ̀ níbẹ̀ lórí máàpù. Màá tún lọ fò ó láàárọ̀ kí atẹ́gùn tó dé, kí fọ́tò máa gorí ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣeun gan-an.