Àgúnsun àti àyísun: èsì sí àbá lórí orúkọ oúnjẹ tí a ń fi ọ̀pá sun

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe àwọn oúnjẹ tí a ń fi ọ̀pá sun káàkiri àgbáyé. Ẹnìkan ní kí á pe gbogbo wọn ní “ṣúyà”, nítorí pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n; ẹnì kejì ní “ẹran ìyípo” ló yẹ wọ́n. Mo mọ rírì làálàá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú àbá wọn; àgúnsun àti àyísun ni ọ̀rọ̀ méjì tí èmi fẹ́ kí á lò dípò wọn.

Ẹni tó bá dúró ti oníṣúyà ní Sábó, níbí ní Abẹ́òkúta, yóò rí i pé ó gé ẹran pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó fi igi gún un, ó fi kúlíkúlí lílọ̀ àti ata pa á lára, ó sì to igi náà sídìí iná. Igi ọ̀hún dúró sójú kan ni. Bí ìhà kan bá jinná, oníṣúyà á fọwọ́ yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí ìhà kejì. Síbẹ̀ àwọn Hausa tó ni iṣẹ́ náà kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹran tí iná bá kàn: èyí tí wọ́n fi igi gún ni tsire, èyí tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sá gbẹ ni kilishi, balangu sì tún wà lọ́tọ̀. Bí oníṣẹ́ bá ya orúkọ sọ́tọ̀ báyìí, kí ló dé tí àwa tí a yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi dà á bo odidi ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ará Philippines ń ki ọparun bọ̀, tí wọ́n sì ń yí lórí èédú fún ọ̀pọ̀ wákàtí?

“Ẹran ìyípo” sún mọ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yíyí ni àwọn tó ni oúnjẹ náà fúnra wọn rí. Döner ti ilẹ̀ Turkey, ẹran tí wọ́n tò jọ sára irin tó nàró tó ń yí níwájú iná, tí wọ́n máa ń so orúkọ İskender Efendi ará Bursa mọ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí “yí” ló ti jáde; gyros ti ilẹ̀ Gíríìsì rí bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ Turkey mìíràn tó túmọ̀ sí yíyí ni àwọn Lárúbáwá sì sọ di ṣàwámà. Nígbà tí àwọn ará Lẹ́bánónì kó àṣà náà dé Mẹ́síkò, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gba ipò ẹran àgùntàn, wọ́n sọ ọ́ ní al pastor, wọ́n sì pe ẹran tó dúró ṣóńṣó lára irin náà ní trompo, ìyẹn òkòtó gan-an tí àwọn ọmọdé ń ta nílẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí èyí, nítorí ẹni tó bá ti ta òkòtó rí kò nílò àlàyé kankan mọ́.

Àléébù “ẹran ìyípo” ni pé iná kò sí nínú rẹ̀. Etí tí kò mọ̀ lè gbọ́ ọ bí ẹranko tó ń pòòyì. Ẹran sì wà nínú rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Kéèkì ni Baumkuchen àwọn ará Jámánì. Wọ́n á máa da ìyẹ̀fun pípò sára ọ̀pá tó ń yí níwájú iná, ìpele kan á jinná kí òmíràn tó gorí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé e, òrùka òrùka ni inú rẹ̀ ń rí, bíi ti ìtì igi. Karl Juchheim, ará Jámánì tí àwọn ará Japan mú ní ẹlẹ́wọ̀n ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gbé e jáde ní Hiroshima lọ́dún 1919, ó sì ti di ààyò àwọn ará Japan lónìí. Ta ni yóò pè é ní ẹran?

Ìdí rèé tí mo fi mú ọ̀rọ̀ méjì wá. Àgúnsun ni ohun tí a fi igi tàbí irin gún kí á tó sun ún. Àyísun ni ohun tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí níwájú iná títí yóò fi jinná. Ṣúyà jẹ́ àgúnsun, kì í ṣe àyísun. Baumkuchen jẹ́ àyísun, kì í ṣe àgúnsun, nítorí kò sí ohun tó gún un. Döner jẹ́ méjèèjì. Bí a bá fẹ́ ya döner tó nàró sọ́tọ̀ kúrò lára cağ kebabı, ẹran sísun ti ìlú Erzurum ní Turkey tí irin rẹ̀ dùbúlẹ̀, “àyísun òòró” àti “àyísun ìbú” yóò ṣe é.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló dé tí n kò lo “yan”. Yíyan ni ti ẹja àti ọ̀yà tí a fẹ́ kí omi ara wọn gbẹ kí wọ́n lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí à ń wí yìí, ṣe ni a fẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ máa kán, kí inú rẹ̀ sì rọ̀ fún jíjẹ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Oǹdó kúkú ti la ọ̀nà yìí fún wa pẹ̀lú “àsun”, orúkọ ẹran ewúrẹ́ aláta tí gbogbo Yorùbá ti gbà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní ti ṣàwámà, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ní ìlú wa kò ní irin tó ń yí rárá. Adìẹ gígé ni wọ́n ń dín nínú páànù, tí wọ́n ń ká mọ́ inú búrẹ́dì pẹlẹbẹ pẹ̀lú kábéèjì àti sọ́séèjì. Orúkọ oúnjẹ ni ṣàwámà, orúkọ ọ̀nà ìsè ni àyísun, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan dí ipò èkejì.

Èyí tí mo fẹ́ gbọ́ àbá yín lé lórí ni ọ̀dọ́ àgùntàn àwọn ará Patagonia ní Argentina, tí wọ́n ń nà tantan mọ́ irin alágbèélébùú, tí wọ́n sì ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. A dè é ni, a kò gún un, kì í sì í pòòyì. Orúkọ wo ni kí á fún un?